Àǹtí Fèrè àti Ọmọ Opó

Káfíńtà kan wà tí ẹ̀rù omi ń bà bí ẹ̀rù iná ṣe ń ba òwú. Kì í ṣe pé ojo ni. Ó lè gun òrùlé ilé alájà mẹ́ta, kó jókòó sórí igi àjà, kó máa súfèé bí ẹyẹ. Àmọ́ bó bá ti di ọ̀rọ̀ omi tó ju inú garawa lọ, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà sá. Òkun ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń gbọ́ ariwo ìgbì bó bá ń fá pákó, síbẹ̀ láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan omi òkun rí.

Nígbà tí àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Póòsì, wá bá a pé àga gíga tí àwọn fi ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀ létíkun ti ń mì, ó kọ́kọ́ fẹ́ parọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ojú bàbá náà ló tì í. Bàbá Póòsì ni olórí àwọn adóòlà ẹ̀mí, àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn ṣọ́ etíkun, tí wọ́n ń yọ ẹni tó bá ń rì, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọn ò ṣe ní bómi lọ. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ìlú, ta ló máa purọ́ fún un?

Bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà ṣe dé etíkun láàárọ̀ Sátidé kan tòun ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Àga náà ga bí ilé ẹyẹlé, iyọ̀ òkun sì ti jẹ gbogbo ìṣó rẹ̀ dóògún. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé jókòó sórí iyanrìn. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró níwájú wọn, ó wọ ẹ̀wù pupa, fèrè kékeré kan so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ibo lẹ máa ti wọ omi?" ó bi wọ́n.

Àwọn ọmọ náà nawọ́ sí ibì kan tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín ìgbì tó ń fọ́ gbàgà lọ́tùn-ún lósì. Káfíńtà tó wà lókè wò ó, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ibẹ̀ lòun náà ì bá yàn.

"Gbogbo yín ti kú," ọ̀dọ́bìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ibẹ̀ ni omi tí ìgbì kó wá sí èbúté ń gbà padà sílé. Jẹ́jẹ́ la ń pè é, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń múni lọ. Tó bá mú ọ, kí lo máa ṣe?"

"Màá yára wẹ̀ padà," ọmọkùnrin kan dáhùn.

"O ò ní dé. Àwọn géńdé tó jù ọ́ lọ ti bá a jà, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n rì. Má bá omi jà. Fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, na ọwọ́ sókè, kó o ké sí wa. Tí agbára bá ṣì kù, ẹ̀gbẹ́ ni kó o wẹ̀ gbà, má kọjú sí èbúté."

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìbéèrè. "Àǹtí Fèrè, ṣé omi mọ̀ pé òun ń pa èèyàn?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ro ọ̀rọ̀ ọ̀hún dáadáa. "Kò mọ̀," ó ní. "Ìyẹn ló fi yẹ káwa mọ̀." Ó wá gbójú sókè. "Bọ̀dá tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ìró hámà yín. Ṣé ẹ gbọ́ tiyín?"

"Mo gbọ́," Káfíńtà sọ. "Èmi ò ní wọ̀ ọ́ rárá. Bí mo ṣe mọ omi í wẹ̀ nìyẹn."

"Ọ̀pọ̀ àwọn tá à ń yọ, wọn ò ní in lọ́kàn láti wọ̀ ọ́," ó fèsì, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ríra nìyẹn. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó kọjá ọ̀sán di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ Sátidé. Bí Káfíńtà bá kan pákó kan tán, yóò tún rí òmíràn tó ní ó ń jẹrà. Bàbá Póòsì fara balẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé àga lò ń tún ṣe ni, àbí ààfin?" Nígbà tí àga náà wá le débi pé erin lè jókòó lórí ẹ̀, Káfíńtà gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù oògùn kan lẹ́yìn ọjà ni Fèrè ti ń tajà láàárín ọ̀sẹ̀. Lójijì, orí tí kì í fọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ra oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó ra oògùn ikọ́. Ó dé ibi tó fi ra oògùn aràn.

Fèrè gbé oògùn aràn náà sórí káńtà, kò kó o sí ọ̀rá. "Tó o bá ń bá a lọ báyìí, kíndìnrín rẹ ló máa kọ́kọ́ jáwọ́. Kí lo ń wá gan-an?"

Ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Ìwọ ni," ó ní.

Fèrè dá oògùn náà padà sórí pẹpẹ. "Sátidé àti Sọ́ńdè mi ti lọ́kọ o. Mo fẹ́ kó o tètè mọ̀."

"Kí wọ́n fún mi ní èyí tó kù. Màá bá wọn pín in."

Fèrè rẹ́rìn-ín, Káfíńtà sì lọ sílé láì ra nǹkan kan. Ìfẹ́ wọn gbèrú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rìn, wọ́n á gba òpópó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Fèrè. Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà, ìyá Fèrè sì ti kú tipẹ́. Bàbá á gé irun Káfíńtà lọ́fẹ̀ẹ́, á máa wò ó nínú dígí bí ẹni tó ń wo ẹrù tó fẹ́ rà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí Káfíńtà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ìgbà tí Fèrè bá wọ omi, òun tó dúró lórí iyanrìn kì í lè mí títí ó fi máa jáde.

Ìyá Káfíńtà ń lọ aṣọ lọ́jọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ti oníbàárà kan ló tẹ́ sórí tábìlì, ó ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, ó ń tì í bọ̀.

"Iṣẹ́ wo lọmọ náà ń ṣe?"

"Ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, Màámi."

"Iṣẹ́ gidi. Ìdílé ńkọ́?"

"Bàbá ẹ̀ ń gẹrun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń bá wọn ṣọ́ etíkun. Ó ń yọ àwọn tó bá ń rì."

Áyọ́ọ̀nù dúró. Ìyá ò gbé e kúrò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lára aṣọ, Káfíńtà ló na ọwọ́ gbé e sókè. Ní gbogbo ọjọ́ ayé tí ìyá rẹ̀ ti ń lọṣọ, kò jó aṣọ oníbàárà rí.

"Èló ni wọ́n ń san fún un?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màámi."

"Ọ̀fẹ́ náà ni bàbá rẹ kú," ìyá rẹ̀ sọ.

Kò sídìí láti tún ìtàn náà sọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Awakọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀. Èrò kan ṣubú sínú odò, bàbá bẹ́ sí i, ó ti èrò náà sókè títí àwọn èèyàn fi fà á wọnú ọkọ̀. Wọ́n yí padà láti fa bàbá, omi ti gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ dúró létí odò, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì dúró.

"Wọ́n ní odò kì í gbé ẹni tí kò bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀," ìyá ní. "Ọmọ tó ń lọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ han omi ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, òun lo fẹ́ mú wálé fún mi. Kí ìwọ náà lè wá dúró síbi tí mo dúró sí. Rárá o. Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi."

Káfíńtà bẹ̀bẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ ò wọlé. Ló bá ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Oyin. Bí ẹnu obìnrin náà ṣe dùn tó, ó lè ta iyọ̀ fún òkun. Ó wá sọ́dọ̀ ìyá láàárọ̀, ó tún wá lálẹ́, ó fi àwàdà sí i, ó fi omijé sí i. Nígbà tó jáde sí Káfíńtà ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá rẹ ti gbà. Àmọ́ ó lóhun tó ń fẹ́. Kọ́mọ náà fi omi sílẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o. Pátápátá."

"Àǹtí, ìyẹn le."

"Ó le, àmọ́ ìyàwó ni mo ní kó o fẹ́, mi ò ní kó o fẹ́ òkun. Lọ bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó o bá fìfẹ́ sọ, obìnrin á gbọ́."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá Fèrè ló ti sọ ọ́, lórí bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà fi ń dúró de àyè. Irun tí bàbá rẹ̀ gbá jáde ń fẹ́ ká ẹsẹ̀ wọn.

"Ṣé ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀ yìí, àbí ìwọ?"

Ì bá ti sọ pé ìyá òun ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. "Èmi náà wà níbẹ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà tó o bá wọ omi, ṣe ni mo máa ń kú títí o fi máa jáde."

Fèrè gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ilé. Káfíńtà gbọ́ ọ, ó sì fi ayọ̀ bo ohun tó gbọ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá onígbàjámọ̀ náà gbọ́ láti inú ilé. Nígbà tí Fèrè wọlé lọ, ó nu abẹ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni tó gé ìyẹ́ ẹyẹ kó má bàa fò lọ, ẹyẹ kọ́ ló ní mọ́ nílé."

Bàbá Póòsì ò bínú nígbà tí Fèrè lọ sọ fún un. Ó kàn ní ojú òun ò ríran bíi tàtijọ́, àwọn tó kù ò sì pọ̀, káwọn ọmọ má ṣe gbọ́ pé kò ní wá mọ́, òun á sọ fún wọn pé ó rìnrìn àjò, kò ní pẹ́ dé.

Ọjọ́ tí àwọn òbí máa rí ara wọn bọ́ sí Sátidé. Ìyá Káfíńtà ti lọ gbogbo kọ́tìnì pálọ̀, ó lọ ìbòrí àga, ìwé ló kù tí kò lọ̀. Bàbá Fèrè wọ ẹ̀wù funfun tí kọ́là rẹ̀ le gan-an. Àǹtí Oyin ń sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Káfíńtà fúnra rẹ̀ fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, wá jókòó síbí." Ohun tí Káfíńtà ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó wo Fèrè, ó rí i pé kọ́tìnì ló ń wò. Afẹ́fẹ́ ń ti kọ́tìnì náà wọlé, Fèrè ń wo ibi tó ti ń fẹ́ wá, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó yé Káfíńtà. Ó ń ṣírò bí omi ṣe máa rí.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Póòsì ni. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, iyanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìbéèrè ni," ó sọ fún Fèrè.

Fèrè gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló mú wọn. Mo wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sí lórí àga. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣe ni Ìbéèrè gbé òun lé ẹ̀yìn, tó ń sọ fún òun pé kóun má bá omi jà, kóun fẹ̀yìn lélẹ̀, kóun nawọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ la rí yọ." Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn. "A ò tíì rí Ìbéèrè."

Fèrè dìde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ. Káfíńtà sáré tẹ̀ lé e títí dé etíkun, ibẹ̀ ló ti rí i tó wọ omi tòun ti aṣọ olówó iyebíye tó wọ̀ wá sí pálọ̀ ìyá. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde, ó tún wọ̀ ọ́, títí oòrùn fi wọ̀, títí Bàbá Póòsì fi gbá a mú ní ẹ̀gbẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbì fúnra rẹ̀ gbé Ìbéèrè padà wá sórí iyanrìn.

Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ó wo Fèrè, ó ní, "Ó ní ẹ máa wà níbẹ̀. Mo bi í ta ló ń ṣọ́ wọn, ó ní Àǹtí Fèrè máa wà níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fèrè bá Káfíńtà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mi ò sọ pé ìwọ lo pa á," ó ní. "Ẹnu mi ni mo fi sọ pé ó dáa. Àmọ́ tí mo bá ti rí ojú rẹ, pálọ̀ yẹn ni mo máa ń rí. Mo rí ara mi tí mo jókòó, tí mò ń mu nǹkan dídùn. Mi ò lè máa rí i lójoojúmọ́ ayé mi. Jọ̀ọ́, má wá mi."

Ó lọ.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e yẹn burú. Pákó tí Káfíńtà ti ń gé láti ìgbà ọmọdé, kò mọ̀ ọ́n gé mọ́, ayùn fà á lọ́wọ́ ya. Lóru, Ìbéèrè ló máa ń rí, kì í rí i bí òkú, á kàn nawọ́ sókè bí ọmọ tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, Káfíńtà á sì jí kó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ béèrè. Ó bẹ Àǹtí Oyin kó lọ bá òun bẹ Fèrè. Àǹtí lọ, ó padà dé, ó bọ́ gèlè lórí, ó jókòó.

"Látijọ́ tí mo ti ń ṣe alárinà, mi ò dé ibì kan rí kí n má rí ọ̀rọ̀ sọ," ó ní. "Ọmọ yẹn wò mí, ó rọra kí mi, ó fún mi lómi. Mo mu omi, mo dìde."

Ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ láti ojú tábìlì aṣọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó sàn kó o sunkún rẹ̀ báyìí ju kó o sun ún létí omi lọ."

"Màámi," Káfíńtà dáhùn, "ẹ̀yin sunkún ọkọ tó kú. Èmi ń sunkún ẹni tó wà láàyè, tó ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ta ló máa bá mi sin ìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà, ìyá ò tún sọ pé ó sàn.

Nígbà tó dé ojú ẹ̀, tí kò sí ibi tó lè gbà mọ́, Káfíńtà lọ bá Bàbá Póòsì pé òun fẹ́ kọ́ omi í wẹ̀. Bàbá bi í pé, "Ṣé torí Fèrè ni?"

"Torí ẹ̀ ni. Torí ọmọ yẹn náà ni. Ẹni kan ló dín létíkun lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì mú un kúrò. Ó yẹ kí n wá dí àyè yẹn."

Fèrè ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rù, kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ó máa ń dúró títí ẹni ìkẹyìn á fi jáde nínú omi. Lọ́jọ́ Sátidé tí Káfíńtà jókòó sórí iyanrìn, géńdé láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, orúnkún rẹ̀ ga ju orí wọn lọ, ojú Fèrè kọjá lórí rẹ̀ bí ó ṣe kọjá lórí àwọn yòókù.

"Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá. Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Ẹ" tó fi pè é yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí omi kan àyà rẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n débi pé àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n ṣàánú rẹ̀. Fèrè fi àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn. "Ẹ jẹ́ kí omi gbé yín. Ẹ tú ọrùn yín sílẹ̀. Mo ti dì yín mú." Ó ń wo ojú ọ̀run, omi dí i létí, ọwọ́ yẹn nìkan ló mọ̀ láyé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rí i pé ọwọ́ náà ti kúrò, òun ò sì rì. Ó sunkún, àmọ́ nínú òkun, ta ló máa mọ̀?

Bó ṣe ń wẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá Póòsì fi í sídìí okùn. Adóòlà tó bá fẹ́ wọ omi tó ru, okùn gígùn ni wọ́n máa ń so mọ́ ìgbànú rẹ̀, àwọn tó dúró lórí iyanrìn ló máa fà á padà pẹ̀lú ẹni tó bá gbá mú. Bàbá kọ́ ọ bí a ṣe ń tú u sílẹ̀ kó má lọ́, bí a ṣe ń fà á láàárín ìgbì kan sí èkejì, kì í ṣe nígbà tí ìgbì bá ń padà, torí okùn lè ṣẹ́ egungun ìhà ẹni náà. Káfíńtà kọ́ ọ bó ṣe kọ́ iṣẹ́ igi. Fèrè ò yìn ín, kò sì bú u.

Àwọn oníbàárà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti di ẹni tó ń wọ òkun. Kò tilẹ̀ nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́. Ó gba etíkun lọ láti wá fà á wálé.

Lọ́jọ́ náà, ìjì ń bọ̀. Wọ́n ti ta àsíá pupa pé kẹ́nikẹ́ni má wọ omi. Ọkùnrin oníkùn ńlá kan ti ń bá Fèrè jiyàn, ó ní òun ti ń wẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Bí Fèrè ṣe yíjú sí àwọn ọmọdé kan tó ń ṣeré lẹ́bàá omi, ọkùnrin náà wọ omi. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi gbé e débi tí orí rẹ̀ kéré bí àgbọn. Fèrè so ìgbànú, ó sáré wọ omi. Bàbá Póòsì àti Káfíńtà ló wà nídìí okùn.

Ó bá ọkùnrin náà. Wọ́n rí i tó bá a. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbá a lọ́rùn mọ́ra bí ẹni tó rí igi nínú ìkún omi, ìgbì kan wó lé wọn lórí, ẹnì kankan nínú wọn ò yọjú mọ́.

"Fà," Bàbá Póòsì ní.

Wọ́n fà. Okùn ò sún. Àwọn tó dúró yí wọn ká gbé fóònù sókè, wọ́n ń yàwòrán. Apá Bàbá Póòsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iyanrìn ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ Káfíńtà, okùn ń fa òun fúnra rẹ̀ lọ sínú omi. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí okùn náà tilẹ̀ máa gbé òun lọ, òun ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló gbọ́ èémí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ méjì tó ti fún aṣọ gbogbo ìlú gbá okùn náà mú.

"Màámi, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Dákẹ́, kó o fà," ìyá rẹ̀ ní. Ó yíjú sí àwọn olóhun fóònù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wòran, ọmọ èèyàn ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀, ẹ wá."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n wá. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ìgbì kan sí èkejì, bí Káfíńtà ṣe ń ké fún wọn ìgbà tí wọ́n á fà àti ìgbà tí wọ́n á dúró. Ó dùn wọ́n lọ́wọ́, ó bó wọn lára. Nígbà tí omi tu àwọn méjèèjì sórí iyanrìn, ọkùnrin náà ń kígbe orúkọ Ọlọ́run. Fèrè ò ké, ètè rẹ̀ ti dúdú. Káfíńtà kúnlẹ̀, ó ṣe bí Fèrè fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ òun àti àwọn ọmọdé. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó fún un ní èémí, ó tún fún un. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó yá, omi tú jáde lẹ́nu Fèrè, ó wúkọ́, ó sì lajú.

Ìyá Káfíńtà ti jókòó sínú iyanrìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo òkun.

"Bàbá rẹ ò rí ẹni di okùn fún un," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, omi ni mò ń bínú sí." Ó rá dé ọ̀dọ̀ Fèrè, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. "Ọmọ mi, èmi ni mo mú ọ kúrò lórí àga lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni. Má gbé e rù mọ́ ìwọ nìkan."

Láti ọjọ́ tí Ìbéèrè ti kú, ẹnikẹ́ni ò rí omijé Fèrè. Orí itan ìyá yìí ló ti sun ún. Ó sunkún bí ẹni tó ń bì, ìyá náà kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tí àwọn èèyàn túká, Káfíńtà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rù àtibéèrè, ó béèrè. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì mọ̀," Fèrè ní. Ohùn rẹ̀ ti há. "Nígbà tí omi bò mí, tí ọkùnrin yẹn ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mo fẹ́ jáwọ́. Mo rò ó pé kí n kúkú lọ bá ọmọ náà. Àmọ́ okùn ń fà mí. Mo sì mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. O ṣeun."

"O" ló fi pè é, kì í ṣe "ẹ" mọ́. Káfíńtà ò tún béèrè nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ wọn ò yára padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ wà tí Fèrè á yíjú kúrò lára rẹ̀ láìnídìí, ọjọ́ sì wà tí wọ́n á jọ jókòó láì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀, ó dá, òmíràn tún rọ̀, wọ́n sì fẹ́ ara wọn ní kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsí ariwo. Bàbá onígbàjámọ̀ bọwọ́ lùwé, ìyá alágbàfọ̀ bọwọ́ lùwé. Àǹtí Oyin ti se oúnjẹ dè wọ́n nílé.

Wọn ò tíì lọ síbi oúnjẹ náà. Tòun ti aṣọ ìgbéyàwó ni Fèrè gba òpópó kan tí kò gbà láti ọjọ́ ìsìnkú, Káfíńtà ń bá a lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbéèrè ló ṣí i. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti tọrọ àforíjì.

Obìnrin náà wo aṣọ funfun tó ń fa eruku ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ wọlé."